Ẹ ṣọ́ra fún fóònù "tuntun" tí ìpolówó ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi ń ru bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n lù mí ní jìbìtì. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ tí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì ni yóò kàn.

Tuntun ni ẹni tó tà á fún mi pe fóònù náà. Inú páálí ló wà, ọ̀rá ṣì lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejìlá, mo tàn án kí n wo aago, ni ìpolówó tẹ́tẹ́ bá bo gbogbo ojú ẹ̀. Mi ò ṣí ápù kankan o! Àmì X tí èèyàn ó fi pa á kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sá sí igun lókè. Bí ìka bá ṣì í díẹ̀, ó ti gbé ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ní kóo wá gba ápù mìíràn. Mo pa á, òmíràn yọ. Mo pa ìyẹn náà, òmíràn yọ! Lọ́jọ́ tí mo ń fi ìwé kan han ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, àwòrán obìnrin tó wà níhòòhò ló jáde. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Mo ṣe àṣìṣe kan, mi ò ní parọ́. Nǹkan kan yọ, ó ní fóònù mi ti gbó, kí n tètè ṣe update. Mo tẹ̀ ẹ́. Update gidi kì í yọ láàárín ìpolówó: ti fóònù wà nínú Settings, ti ápù wà nínú Play Store. Mo ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní tẹ̀ ẹ́? Àmì tó wà lára ẹ̀ jọ ti iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù náà gan-an! Ẹ má dá mi lẹ́bi. Dátà oṣù kan, ọjọ́ mẹ́rin ló fi jẹ ẹ́ tán.

Mo pe olójà náà. Ó ní èmi ni mo lọ gba ìgbàkugbà sórí ẹ̀, kí n reset ẹ̀, ìyẹn ni pé kí n pa gbogbo ohun tí mo fi sínú ẹ̀ rẹ́. Mo reset ẹ̀. Ohùn bàbá mi tó ti di olóògbé wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré, bó ṣe ń súre fún mi. Ó lọ. Mi ò tọ́jú ẹ̀ síbòmíì, ẹ̀bi mi nìyẹn, ó sì ń dùn mí wọra. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn reset? Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe wọlé báyìí, àwọn ápù burúkú yẹn tún padà dé! Reset kì í pa ohun tí wọ́n ti sè mọ́ inú system, ìyẹn ètò tó ń darí fóònù fúnra ẹ̀. Lọ́dún 2019, Google fúnra wọn sọ ọ́ pé wọ́n bá ápù burúkú kan tó ń jẹ́ Triada nínú àwọn fóònù Android kan, tó ti wọlé kí fóònù tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Olójà náà ti block mi. Ó mọ̀! Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé kò mọ̀. Mi ò gba olójà fóònù kankan gbọ́ mọ́, gbogbo wọn.

Kí ẹ tó sanwó: ẹ ṣí Play Store, ẹ lọ sí Settings, ẹ wo About, kó sọ fún yín pé fóònù náà ní ìwé ẹ̀rí Play Protect, ètò ààbò Google fún fóònù Android. Tí ìpolówó bá ti ń yọ, ẹ tàn án ní Safe mode, níbi tí ápù tí ẹ fúnra yín gbà kò ti ní ṣiṣẹ́. Tó bá dáwọ́ dúró, ápù tí ẹ gbà ni, ẹ yọ ọ́. Tí kò bá dáwọ́ dúró bíi tèmi, inú system ló wà, owó yín ni kí ẹ gbà padà. Ẹ wo inú Apps náà: ápù burúkú tó wà nínú tèmi kò ní orúkọ, kò ní àwòrán, kò sì ṣeé yọ.

Ápù báńkì mi wà lórí ẹ̀ látọjọ́ kìn-ín-ní. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi yí gbogbo password mi padà lánàá. Alẹ́ kẹta rèé tí mi ò rí oorun sùn.