Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta strings ọ̀fẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin pùródúsà, ẹ̀yin tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ orin ní OAU, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó yọ owó. Ọkùnrin kan ń káàkiri láti Lagere títí dé gééètì yunifásítì pẹ̀lú fíláàṣì. Á ní strings (ohùn fayolíìnì àtàwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, téèyàn ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) táwọn olórin fíìmù ń lò lókè òkun ló wà nínú rẹ̀, pé ₦35,000 ni. Jìbìtì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń tà, àwọn tó ṣe é ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti tú ọ̀kan nínú fíláàṣì náà wò. Àbúrò kan tó ń tẹ dùùrù ní Ìrẹ̀mọ ló gbé e wá sí sítúdíò wa. Ọkùnrin yẹn ti pa orúkọ fóldà dà sí PREMIUM STRINGS, àmọ́ kò rántí yọ readme, ìyẹn fáìlì àlàyé táwọn tó ṣe é kọ, tó wà nínú rẹ̀. Mo ṣí i: VSCO 2 Community Edition, iṣẹ́ Versilian Studios. Abẹ́ àṣẹ tí wọ́n ń pè ní CC0 ni wọ́n gbé e sí, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ohun tó bá wù ú. Sforzando, áàpù tí ẹ máa fi ṣí àwọn fáìlì ohùn rẹ̀ (.sfz), ọ̀fẹ́ nìyẹn náà.

Ká sòótọ́, CC0 kò ní kéèyàn má tà á. Tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé, "Ọ̀fẹ́ ni o, owó dátà àti ti fíláàṣì ni kí ẹ fún mi," iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ, mi ò sì bá a jà. Gbogbo wa la mọ bí dátà ṣe wọ́n. Irọ́ tí eléyìí ń pa fáwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń bí mi nínú. Ti LABS àti BBC Symphony Orchestra Discover, àwọn ohùn orin míì fún kọ̀ǹpútà, tún yàtọ̀: ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n Spitfire Audio ní London kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa pín wọn tàbí tà wọ́n. Orúkọ tiyín lẹ máa fi gbà á lọ́dọ̀ wọn. Discover kò ju bíi 200MB lọ.

Ibi tó burú jù ni ti Kontakt, áàpù olówó kan tí wọ́n fi ń ṣí irú ohùn báyìí. Ẹgbẹ́ akọrin àbúrò yìí ń dánra wò lọ́wọ́ ni strings bá dákẹ́ lójijì. Ó tún un ṣí, ó dún, ó tún dákẹ́. Ó pe ọkùnrin náà, ìyẹn ní lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ ni kò lágbára, kó mú ₦10,000 wá fún "activation". Lápútọ́ọ̀pù kò ṣẹ̀ rárá. Strings tí wọ́n ṣe fún Kontakt olówó, tí ẹ bá fi Kontakt Player tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣí i, ìṣẹ́jú 15 péré ló máa dún. "Activation" tó wá gbé fún un, fáìlì .exe kan ni, irú èyí téèyàn bá tẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí Windows, ó sì ní kó kọ́kọ́ pa antivirus tó ń ṣọ́ lápútọ́ọ̀pù. Ẹ má ṣe é láéláé! Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn kí ẹ sì lé ajá lọ, ẹ mọ ohun tó ń wá.

Tó bá jẹ́ Kontakt Player lẹ ní, ẹ lọ gba The Free Orchestra ti ProjectSAM. Inú rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í dákẹ́. SINEfactory, àwọn ohùn ọ̀fẹ́ ti Orchestral Tools ní Jámánì, náà wà ńlẹ̀, pẹ̀lú SINE Player tí ẹ máa fi ṣí i. Ẹ̀yin tó ń lo FL Studio láti ṣe orin, LABS máa wọlé síbẹ̀ bíi plugin (àfikún ohùn) yòókù.

Ẹni tó bá ti sanwó, ẹ ṣí readme yẹn níwájú ọkùnrin náà. Nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀, ó dá ₦35,000 àbúrò yẹn padà, ó kọ̀ jálẹ̀ lórí ₦10,000. Ẹni tó bá sì ti tẹ .exe náà, ẹ já lápútọ́ọ̀pù yín kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kó kìkì orin yín pamọ́ síbòmíràn, kí wọ́n fọ Windows rẹ̀ dànù kí wọ́n fi òmíràn sí i. Páásíwọ́ọ̀dù íméèlì àti ti báńkì, orí fóònù ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, lónìí.