Káàdì kékeré tí a fi ipá mú sáré, àbí káàdì ńlá tí a kò fọwọ́ kàn: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra káàdì gíráfíìkì ní Ìkẹjà

Ẹni tó bá ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra káàdì gíráfíìkì, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀, tí yóò máa fi ṣeré géèmù yóò bá ọ̀nà mẹ́ta pàdé. Ó lè ra káàdì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, kí ó sì overclock rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó lo sọ́fítíwíà láti mú un sáré ju ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i lọ. Ó lè ra irú káàdì kan náà tí ilé-iṣẹ́ ti overclock kó tó jáde, tí wọ́n kọ «OC» sí ara páálí rẹ̀, kí ó sì san owó lé e. Ó sì lè ní sùúrù díẹ̀, kí ó kó owó jọ, kí ó ra káàdì tó fi ipò kan ju ìyẹn lọ, kí ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èrò tèmi ni pé fún ọ̀pọ̀ wa tí a ń gbé láti Yábàá títí dé Agége, ọ̀nà kẹta ló dára jù. Ọ̀nà kìíní jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ra ọjà tán, kì í ṣe ìdí tí ó fi yẹ kí ó ra ọjà, ọ̀nà kejì sì ń fẹ́ kí a la ojú wa dáadáa kí a tó san owó.

Ohun tí overclock lè fún wa

Káàdì gíráfíìkì ní ìyára méjì: ìyára ọpọlọ rẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò, àti ìyára mẹ́mórì tó wà lára rẹ̀. Ìyára tí wọ́n kọ sí ọpọlọ RTX 3060, káàdì kan tí ilé-iṣẹ́ Nvidia gbé jáde ní ọdún 2021, ni 1,777 MHz (MHz kan jẹ́ ìgbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Bí a bá ṣí MSI Afterburner, sọ́fítíwíà overclock tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ MSI pàápàá, a lè fi 100 MHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Èrè tó sábà máa ń ti ibẹ̀ jáde kò ju ìdá 3 sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdá 10 yẹn kì í sì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Géèmù tó ń mú àwòrán 60 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò di 63, bí orí bá sì ṣe é, yóò di 65. Ojú ẹni tí géèmù ti wọ̀ lára kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, àfi bí ó bá gbé nọ́ńbà sí igun mọ́nítọ̀ tí ń sọ ọ́ fún un.

Ìdí tí èrè náà fi kéré ni pé láti ọdún 2012, nígbà tí káàdì GTX 680 jáde, ni Nvidia ti fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní GPU Boost sínú àwọn káàdì wọn. Káàdì fúnra rẹ̀ ló ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó àti iye iná tí ó ń jẹ, bí àyè bá sì wà, yóò máa fi ìyára kún ìyára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. RTX 3060 tí wọ́n kọ 1,777 sí sábà máa ń kọjá iye yẹn nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Àyè tí àwọn tó ń overclock láyé àtijọ́ máa ń rí jẹ, káàdì òde òní ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ kí a tó gbé e délé.

Káàdì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Mo yan àwọn mẹ́ta yìí nítorí pé irú wọn ni ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Nvidia ló ni GTX àti RTX, ilé-iṣẹ́ AMD ló ni RX.

| | GTX 1660 Super | RX 6600 | RTX 3060 |
|---|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | 2019 | 2021 | 2021 |
| Mẹ́mórì | 6 GB | 8 GB | 12 GB |
| Ìyára ọpọlọ lórí ìwé | 1,785 MHz | 2,491 MHz | 1,777 MHz |
| Iná tó ń jẹ | wáàtì 125 | wáàtì 132 | wáàtì 170 |

Ẹ wo ìlà kẹta dáadáa. Bí MHz bá jẹ́ ohun tí a lè fi wọn káàdì kan mọ́ òmíràn, GTX 1660 Super ì bá ga ju RTX 3060 lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ géèmù, RTX 3060 fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yára jù ú. Inú ọpọlọ káàdì ni iṣẹ́ wà: iye ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Ẹni tó ra GTX 1660 Super, tó sì fi gbogbo òru overclock rẹ̀ kí ó lè bá RTX 3060 dọ́gba, ń lé ohun tí kò lè bá.

Mẹ́mórì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, òun sì ni àwọn tó ń ra ọjà máa ń gbójú fò. A lè mú mẹ́mórì 6 GB yára, ṣùgbọ́n kò sí sọ́fítíwíà tó lè sọ ọ́ di 8 GB. Nígbà tí géèmù bá béèrè ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ, káàdì yóò máa sáré lọ mú nǹkan wá láti inú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà tó jìnnà sí i, àwòrán yóò sì máa dúró gbọn-ín kó tó tún lọ, tàbí kí ara ògiri àti ojú àwọn ènìyàn inú géèmù máa ṣe bàìbàì. Àròpín iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè dára kí ojú ẹni sì máa rí ìdádúró yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé èyí nìkan tó láti mú ènìyàn yan RX 6600 dípò GTX 1660 Super, pàápàá níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wáàtì méje péré ló wà láàárín wọn. Ní ti RTX 3060, ẹ rí i dájú pé oní 12 GB ni wọ́n gbé fún yín, nítorí pé oní 8 GB wà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ní ti káàdì tí wọ́n kọ «OC» sí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. RTX 3060 Gaming OC ti Gigabyte ní ìyára 1,837 MHz lórí ìwé. Ọgọ́ta MHz péré ló fi ju ti ìpìlẹ̀ lọ, kò sì pé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn jẹ́ àwòrán méjì lórí 60. Ẹ má san owó gidi nítorí rẹ̀. Àmọ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní irin ìtútù tó nípọn àti fáànù méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn sì tọ́ sí owó díẹ̀ ní ìlú tó gbóná bíi tiwa. Bí páálí bá ń pariwo «OC», tí fáànù kékeré kan ṣoṣo sì wà lórí káàdì inú rẹ̀, lẹ́tà méjì ni ẹ fẹ́ rà.

Ooru Èkó, iná ọba àti jẹnẹrétọ̀

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ń kà láti òkè òkun ni wọ́n ṣe nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n Celsius 21 tàbí 22 lọ. Nínú yàrá kan ní Ṣómólú tàbí Múṣin, ní oṣù Kẹta, tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, 32 kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu. Bí ooru yàrá ṣe ń gòkè ni ooru káàdì ń bá a gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan. Káàdì tí wọ́n ní ó dúró sí 72 lọ́hùn-ún lè wà ní 82 lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ káàdì Nvidia ló sì jẹ́ pé 83 ni ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣètò pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára wọn kù. Nítorí náà, a lè fi ọwọ́ ara wa fi 100 MHz kún un, kí ooru sì gbà á padà lọ́wọ́ wa láàárín ìdajì wákàtí.

Fólítéèjì ló ń mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Iná tí ọpọlọ káàdì ń jẹ ń pọ̀ bí ìyára bá ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ní ti fólítéèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ inú ìṣirò, nítorí pé a ń sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí a bá gbé ìyára sókè ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì gbé fólítéèjì sókè ní ìdá 5 kí géèmù má baà máa kú, iná tó ń jẹ yóò fi nǹkan bí ìdá 16 lé sí i. Wáàtì 170 yóò sún mọ́ 197, gbogbo àfikún náà yóò sì di ooru nínú yàrá.

Owó iná kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Wáàtì 27 fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kò ju yúnììtì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tilẹ̀ wà ní Band A, tí ẹ ń san nǹkan bíi 200 náírà fún yúnììtì kan, kò ní í ju nǹkan bíi 650 náírà lọ lóṣù. Ìgbà tí iná ọba bá lọ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní «I better pass my neighbour» kò lè gbé ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ fún ìgbà pípẹ́, kọ̀ǹpútà géèmù àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì lè gba ìdajì nínú ìyẹn. Kí fíríìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbéra lójijì, fólítéèjì yóò wọlẹ̀, kọ̀ǹpútà tí a ti fi overclock tì dé etí bèbè yóò sì kú láàárín eré.

Ẹ tún wo páwà sọ́pùláì, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà. Ojú ihò tí a ń ti káàdì bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ. Okùn oníhò mẹ́fà ń fi 75 kún un, oníhò mẹ́jọ sì ń fi 150 kún un. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní òpópónà Òtìgbà ní páwà sọ́pùláì wáàtì 240 sí 290, tí kò sì ní okùn oníhò mẹ́jọ rárá. Ẹni tó ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dárúkọ overclock. GTX 1650 tó ń jẹ wáàtì 75, irú èyí tí kò nílò okùn, ni ọjà tirẹ̀, àyàfi bó bá fẹ́ pààrọ̀ páwà sọ́pùláì náà.

Tòkunbọ̀

Láti ọdún 2020 wá, àwọn tó ń fi káàdì gíráfíìkì wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kó ọ̀pọ̀ káàdì jọ, wọ́n sì ń lò wọ́n tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, tí wíwa owó náà pẹ̀lú káàdì sì dópin, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá dé ọjà. Àwọn awakùsà wọ̀nyí sábà máa ń dín iná ọpọlọ káàdì kù, tí wọ́n á sì overclock mẹ́mórì, nítorí náà mẹ́mórì àti fáànù ni ẹ ní láti fura sí. Káàdì tí ẹlòmíràn ti fi ipá mú sáré fún ọdún méjì kò ní àyè púpọ̀ tí ẹ̀yin náà lè rí jẹ.

Ẹni tó ń tajà lè sọ pé, «Ọ̀gá mi, ọjà yìí mọ́ tónítóní, ẹni tó lò ó kò lò ó ju oṣù méjì lọ.» Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ṣeré géèmù fún ogún ìṣẹ́jú.» Kí ó tó tàn án, ẹ wo orí síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n ti họ ọ́, kí ẹ sì fi ìka yí fáànù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ń mì. Nígbà tí géèmù bá ń lọ, ẹ máa ṣọ́ àmì tóótòòtó aláwọ̀ tàbí ìlà tí kò yẹ kó wà lójú mọ́nítọ̀. Ẹ ṣí GPU-Z pẹ̀lú, sọ́fítíwíà tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé láti ọdún 2018 ni ó ti ń kọ «FAKE» sí iwájú orúkọ káàdì Nvidia àtijọ́ tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Ti RX 580 tún yàtọ̀: ojúlówó rẹ̀ ní ẹ̀ka 2,304. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2048SP, tó wá láti Ṣáínà, ní 2,048 péré, RX 570 ló sì jẹ́ lábẹ́ aṣọ.

Bí ẹ bá ti ra káàdì tán

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá káàdì ló ń fa ìlọ́ra. Bí Afterburner bá fi hàn pé iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe kò ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí àwòrán sì ń dúró, púrósésọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló ń dá a dúró, pàápàá bó bá jẹ́ Core i5 ìran kẹta ti ọdún 2012 ni ẹ ń lò. Bí mọ́nítọ̀ yín bá sì jẹ́ 60 Hz, ìyẹn èyí tó ń fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 75 tí ẹ làágùn fún kò ní í hàn ju 60 lọ.

Bí ó bá jẹ́ káàdì ni, ẹ fi 25 MHz kún ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣeré géèmù, kí ẹ tó tún fi kún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́mórì lọ́tọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan fólítéèjì. Nígbà tí géèmù bá kú tàbí tí àmì tóótòòtó bá jáde, ẹ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù fún yàrá tó gbóná ni òdìkejì rẹ̀: ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú F nínú Afterburner, kí ẹ jẹ́ kí ìyára dúró bó ṣe wà, kí ẹ sì dín fólítéèjì rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ara káàdì yóò rọ̀, ariwo fáànù yóò dínkù, GPU Boost fúnra rẹ̀ yóò sì lè di ìyára rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti owó, ẹ béèrè iye káàdì kékeré tí ẹ ń wò àti iye èyí tó fi ipò kan jù ú lọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán. Bí ohun tó wà láàárín wọn kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye èyí tó kéré lọ, ẹ dúró títí owó ńlá yóò fi pé. Ẹ ní kí ẹni tó tà á kọ nọ́ńbà tó wà lára káàdì náà sí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, kí ẹ sì fi káàdì àti nọ́ńbà náà wé ara wọn kí ẹ tó kúrò níbi tábìlì rẹ̀.