Pọ́ńpù Walbro 255 nínú Subaru WRX: bí ó ti ṣiṣẹ́ sí, àti rọ́bà kékeré tó fẹ́ bà á jẹ́

Oṣù mẹ́jọ rèé tí pọ́ńpù epo Walbro, èyí tó ń tú lítà 255 jáde ní wákàtí kan, ti wà nínú táńkì Subaru Impreza WRX ọdún 2003 tí mo ń gùn ní ìlú Houston. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé pátì mọ́tò tí a bá ń yìn ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè di ohun tí a ó máa ṣépè fún nígbà tó bá di oṣù kẹta. Fún ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn kúkurú: pọ́ńpù náà dára, owó rẹ̀ kò gani lára, bí èyí bá sì bàjẹ́ lọ́la, irú rẹ̀ náà ni n ó tún rà. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì mi jẹ́ kì í ṣe pọ́ńpù. Rọ́bà kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ni, èmi fúnra mi ni mo sì fi í síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan kéékèèké tó yí pọ́ńpù ká yóò pọ̀ nínú àyẹ̀wò yìí ju ọ̀rọ̀ pọ́ńpù gan-an lọ.

Subaru bẹ̀rẹ̀ sí í ta WRX ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ọdún 2002, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tó ní túbò, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 227. Bí ó ti ti ilé iṣẹ́ wá, túbò kékeré TD04, pọ́ńpù inú táńkì àti àwọn ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì nílé ń pè ní nọ́sù, ni wọ́n ti bá ara wọn mu. Ìṣòro dé nígbà tí mo yọ TD04, tí mo sì fi VF39, túbò tí Subaru fi sínú STI, ẹ̀yà WRX tó lágbára jù, rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i, epo kò sì lè bá a dọ́gba mọ́. Bí epo kò bá tó afẹ́fẹ́ nígbà tí túbò ń fẹ́ tagbáratagbára, iná inú sílíńdà á gbóná kọjá ààlà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kan-kan-kan, písítìnì sì lè yọ́ bí òrí tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ìṣirò iye epo tí a nílò kò le, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó ń ronú àtiṣe iṣẹ́ yìí níyànjú pé kó ṣe é sórí ìwé kó tó náwó. Ẹ́ńjìnnì túbò tó ń lo bẹntiróòlù máa ń jó nǹkan bí 0.6 pọ́ùn epo ní wákàtí kan fún agbára ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Ẹṣin 300 ni mo ń lépa, ìyẹn 180 pọ́ùn. Nọ́sù mẹ́rin ni yóò pín in, ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan 45. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí nọ́sù wà ní ṣíṣí ju ìdá 80 nínú 100 àkókò rẹ̀ lọ, nítorí náà a ó pín 45 sí 0.8, yóò di 56 àti díẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 590 cc ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́sù tó bá mọ́tò wá kò tó 450 cc.

Ní ti pọ́ńpù, 180 pọ́ùn bẹntiróòlù kò ju nǹkan bí lítà 110 ní wákàtí kan, ẹnìkan sì lè béèrè pé kí ni a wá ń fi 255 ṣe. Ìdí ni pé iye tí wọ́n kọ sára páálí, níbi tí ìfúnpá ti wà ní nǹkan bí 40 psi (pọ́ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Nínú WRX, ìfúnpá epo jẹ́ nǹkan bí 43.5 psi, olùdarí ìfúnpá sì máa ń fi iye tí túbò bá ń fẹ́ kún un, kí epo lè jáde lójú afẹ́fẹ́ tó ń tì í padà. Bí túbò mi bá fẹ́ dé 18 psi, pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́ lójú 61.5 psi, bí ìfúnpá bá sì ṣe ń ga sí i ni epo tó ń tú jáde ń dín kù. Ẹ wá fi iná bátìrì tó ń rọ̀ lójú wáyà àtijọ́ kún un, ẹ ó rí i pé àlàfo tó dà bí ìnáwó àpà lórí ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì ní in lọ́kàn láti lo E85, epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún epo rẹ̀, nítorí pé E85 kì í gbóná tó bẹntiróòlù ní ìwọ̀n kan náà.

Ríra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ayédèrú Walbro pọ̀ lọ́jà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ òǹtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé nínú páálí tó dán gbinrin, ṣùgbọ́n nọ́ńbà pátì, GSS342, orí páálí nìkan ló wà. Ara irin pọ́ńpù mọ́lẹ̀ kedere, kò sí àmì kan tí wọ́n fín sí i. Ẹni tó bá ti ra ọjà ní Ládípọ̀ rí kò ní jẹ́ kí páálí tan òun jẹ. Mo dá a padà, mo sì lọ rà á níbi tí owó rẹ̀ ti fi díẹ̀ lé ní 100 dọ́là. Nọ́ńbà wà lára irin tọ̀hún, wọ́n sì fi àsẹ́ tuntun, wáyà kúkurú, kílíìpù àti rọ́bà ìtẹ́dìí kún un.

Iṣẹ́ náà kò gba pé kí a gbé mọ́tò sókè. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni ẹnu táńkì wà, ìdérí irin kan ló sì bò ó. Níta, lórí kọnkéré iwájú ilé, ni mo ti ṣe é, kì í ṣe nínú gáréèjì, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbóná omi ilé wa wà ní igun gáréèjì, iná kékeré inú rẹ̀ kì í sì í kú tọ̀sán tòru. Afẹ́fẹ́ tó ń tara bẹntiróòlù jáde wúwo ju èyí tí à ń mí sínú lọ. Ilẹ̀ ló máa ń fà mọ́ rìn títí yóò fi kan ibi tí iná wà. Mo ti jẹ́ kí epo inú táńkì lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin kan lọ, mo gbé ẹ̀rọ panápaná tó wà fún iná epo sí ìtòsí, mo yọ wáyà pọ́ńpù, mo sì sítáàtì mọ́tò kó lè jó epo tó kù nínú páìpù títí ó fi kú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yọ orí bátìrì. Eruku ogún ọdún ti dì sórí táńkì, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà gbọ́n ọn kúrò kí n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, nítorí pé ohun tó bá já sínú táńkì, pọ́ńpù tuntun ni yóò fà á mu.

Táńkì WRX rí bí àpò tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́: ó pín sí ọ̀tún àti òsì nítorí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí àwọn táyà ẹ̀yìn, tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Pọ́ńpù wà ní apá kan, ẹ̀rọ kékeré mìíràn ló sì ń fa epo apá kejì wá bá a, nítorí náà ẹ má ṣe fa ohunkóhun tagbáratagbára níbẹ̀. Àwọn ibi méjì mìíràn gba ìfarabalẹ̀. Àsẹ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ti àtijọ́ kọjú sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fara ti ògiri táńkì, kò sì ní mu epo dáadáa. Bí a bá sì so wáyà pupa àti dúdú ní òdìkejì, pọ́ńpù yóò máa yí sẹ́yìn, a ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, epo kò sì ní jáde. Wákàtí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà mí, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀.

Ibi rọ́bà ni mo ti ṣìṣe. Rọ́bà kúkurú tó so ẹnu pọ́ńpù mọ́ páìpù ti gan, ó sì ya nígbà tí mo ń yọ ọ́. Mo ní rọ́bà epo nílé, irú èyí tí à ń lò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n rẹ̀ sì bá a mu wẹ́kú. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo fi kílíìpù dè é, mo dé táńkì padà. Mọ́tò sítáàtì lẹ́ẹ̀kan, inú mi sì dùn.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni epo ń kéré sí afẹ́fẹ́. Bí mo bá tẹ iná dé ilẹ̀, ó yẹ kó dúró ní nǹkan bí 11, ṣùgbọ́n ó ń sún lọ sí 12, lọ́jọ́ kan tí mo sì ń gun orí ọ̀nà márosẹ̀, ó kọjá 13 bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí dé ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé ẹsẹ̀ kíákíá. Ilẹ̀ ibi tí mọ́tò ń sùn gbẹ táútáú, kò sí òórùn epo níbì kankan, mo sì ti ń bú pọ́ńpù náà nínú ọkàn mi. Nígbà tí mo ṣí táńkì, rọ́bà tí mo gé ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ tíì. Ó rọ̀ lọ́wọ́, kílíìpù ti gé wọnú ẹran rẹ̀, ó sì ti là ní ẹ̀gbẹ́ kan. Inú táńkì náà ni epo ń jò padà sí, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ kò fi tutù.

SAE 30R9 ni wọ́n kọ sára rọ́bà ọ̀hún. Wọ́n ṣe é kí epo máa gba inú rẹ̀ kọjá, awọ òde rẹ̀ kò sì ṣeé rì sínú epo. Èyí tó ṣeé rì ni 30R10, owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti èkejì lọ, tó fi jẹ́ pé èèyàn á rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ẹ rà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi í síbẹ̀, aago náà kò tún sún mọ́. Èmi yóò fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ta pọ́ńpù yìí fi ìwọ̀n ìka méjì rọ́bà 30R10 sínú páálí. Ẹ̀dùn ọkàn kan ṣoṣo tí mo ní sí ohun tó wà nínú tèmi nìyẹn.

Ohùn rẹ̀ nìkan ni ẹlòmíràn lè má fẹ́. Irú pọ́ńpù yìí máa ń kùn, ó dà bí ẹ̀fọn ńlá kan tó há sínú ìgò. Nínú WRX, kọ̀ǹpútà mọ́tò kì í fún pọ́ńpù ní gbogbo iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ohùn náà kéré bí a bá dúró níbi iná ìdarí ọkọ̀, bí mo bá sì ń sáré, ariwo páìpù èéfín ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi, tó ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ, kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí. Kùnkùn náà sì máa ń pọ̀ sí i bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀, èyí tó ti kọ́ mi láti má ṣe máa rìn lórí epo tó fẹ́ tán, nítorí epo tó yí pọ́ńpù ká náà ló ń tù ú lára.

Nọ́sù tí mo fi kún un ni ti DeatschWerks, ilé iṣẹ́ kan ní Oklahoma, 740 cc, irú èyí tí epo ń gba òkè rẹ̀ wọlé bí ti WRX ìgbà yẹn. Lórí wọn, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: wọ́n ti wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè dọ́gba, wọ́n sì fi ìwé kún un tó sọ iye àkókò tí nọ́sù ń gbà kí ó tó ṣí ní iye iná bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì tó nọ́sù fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà mọ́tò ṣe yóò lò. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́ pa àwọn òrùka rọ́bà ara wọn kí ẹ tó tì wọ́n wọlé, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ́ọ̀nù bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láìsítáàtì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tó bá tutù.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó wúlò bí a kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò pé nọ́sù ti yí padà. Nọ́sù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ní ìlọ́po méjì, tí ọpọlọ mọ́tò ṣì rò pé ti àtijọ́ ni, yóò fi epo rin ẹ́ńjìnnì gbingbin. Accessport, ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà mọ́tò, ni mo lò láti kó àkọsílẹ̀ ìrìn mọ́tò jọ, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá mi tún un ṣe, lórí bẹntiróòlù tí ọ́kítéènì rẹ̀ jẹ́ 93. Owó tó gbà ju owó pọ́ńpù lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí owó ti ní láti lọ ju ibẹ̀ lọ.

Ẹni tí WRX rẹ̀ ṣì wà bí ó ti ti ilé iṣẹ́ wá kò nílò pọ́ńpù yìí. Kò ní fi ẹṣin kan kún un. Ẹni tó bá ń lọ sí ẹṣin 300 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bẹntiróòlù, òun ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá jẹ́ pé ẹṣin 400 lórí E85 ni ẹ ń lé, èyí tó ń tú lítà 340 sókè ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ má baà ṣí táńkì lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi. Pọ́ńpù àtilẹ̀bá mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fi ọ̀rá wé e, ó wà nínú bùútù pẹ̀lú sípánà kan àti rọ́bà 30R10 tó ṣẹ́ kù.