Agodi Gardens n'Íbàdàn: ẹ kó ọmọ, ẹ mú àgbà, ẹ lọ nàjú

Ẹni tó bá ní ìyá àgbà tí orúnkún ń dà láàmú nílé, tó tún ní ọmọ tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀, á mọ̀ pé kò rọrùn láti kó àwọn méjèèjì jáde pọ̀. Ibi tí ọmọ ti lè sáré, àgbà kì í rí ibi fìdí lé. Ibi tí àgbà ti lè rọra jókòó, ọmọ á ti máa béèrè ìgbà tí ẹ máa lọlé kí ẹ tó jókòó tán. Nínú gbogbo ibi tí mo ti kó ẹbí mi dé n'Íbàdàn, Agodi Gardens ni mo rí tó gba gbogbo wa, tí kò sí ẹni tó ń fara da nǹkan nítorí ẹnì kejì.

Aránṣọ ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọgbà náà kò sì jìnnà sí wa rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí ẹ bá wọ takisí Míkírà, ẹ má wulẹ̀ pe "Agodi" lásán kí ẹ sì dákẹ́. Agodi Géètì ni awakọ̀ lè gbé yín lọ, ibẹ̀ kọ́ sì ni ọgbà wà. Ẹ sọ fún un pé Agodi Gardens, lápá Sẹkitéríàtì.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ tún ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ Iléyá, Kérésì tàbí Ajé Àjíǹde, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀. Ó dùn fáwọn ọ̀dọ́, mi ò ní kí wọ́n má lọ, àmọ́ kò dáa fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ yàn, lásìkò tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, kí ẹ sì tètè dé kí oòrùn tó mú. Ọjọ́rú lèmi ti ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, a sì gbé ẹní, omi mímu àti ìrọ̀rí Màmá mi.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tó nǹkan bí éékà 150. Igi ńláńlá ló wà níbẹ̀, ìbòòji wọn ni mo sì fẹ́ràn ju gbogbo ohun tí wọ́n fowó kọ́ sínú ọgbà náà lọ. N'Íbàdàn yìí kan náà tí ooru páànù ń ràdọ̀ lé wa lórí, Màmá ní kí n fún wọn ní ìborùn nítorí atẹ́gùn. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti igi, wọn ò sì sọ̀rọ̀ orúnkún títí a fi kúrò níbẹ̀.

Màmá mọ ibẹ̀ tipẹ́. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọgbà ẹranko àti ọgbà igi ni nígbà náà, Màmá sì wà lára àwọn tó máa ń lọ wo ẹranko níbẹ̀ nígbà ọmọge wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó ya wọ ìgboro. Omi gbé ènìyàn lọ, ó gbé dúkìá lọ, ó sì ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá lórí ẹ̀. Lọ́dún 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ dìde, wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 2014. Abẹ́ igi yẹn ni Màmá ti ń sọ fáwọn ọmọ mi bí àǹtí wọn kan ṣe gbé orí máṣíìnì ìránṣọ lé orí tirẹ̀ lọ́jọ́ omíyalé náà, tó wọ́dò títí dé àyà, tó sì fi gbogbo aṣọ oníbàárà sílẹ̀ fún omi. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu wọn rí. Ilé la jọ ń gbé o, ṣùgbọ́n ilé ò fún wa láyè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, èmi náà ń sáré aṣọ ọlọ́jọ́ọ̀la.

Adágún omi tó wà nínú ọgbà náà ni kí ẹ má ṣe fò dá. Ọkọ̀ wà tí wọ́n fi ń gbé èèyàn yí i ká. Kí ẹ rí i pé gbogbo yín ló wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, àgbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá. Ọmọ mi obìnrin dì mí mú gírígírí nígbà tí a kọ́kọ́ gbéra. Ká tó dé àárín omi, ó ti ń fi ọwọ́ kan omi, ó ń bi atukọ̀ bóyá ẹja ń sùn lálẹ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, lékèélékèé ń bà lé koríko létí omi. Màmá ní kí àwọn ọmọ na ọwọ́ jáde, kí wọ́n máa ju ìka sí i kí èékánná wọn lè funfun, bí àwa náà ti ń ṣe ní kékeré. Ọmọkùnrin mi yẹ èékánná rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìfojúsùn tí mi ò rí i kó fi ka ìwé rí.

Jangirọ́fà wà, ibi ìlúwẹ̀ ọmọdé náà wà. Àwọn ọmọ gbádùn méjèèjì dọ́ba, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹranko wà tí ẹ lè wò. Ẹ má fi oúnjẹ dán ọ̀bọ wò, kí ẹ sì di ọmọ yín lọ́wọ́ mú níwájú àgò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ má rò pé owó ẹnu ọ̀nà ló kárí gbogbo rẹ̀. Ibi ìlúwẹ̀ ní owó tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jókòó nílé, kí ẹ bá àwọn ọmọ ṣàdéhùn ohun tí wọ́n máa ṣe. Èmi ní kí tèmi mú méjì péré, a ò sì jiyàn níbẹ̀ rárá.

Ohun kan ṣoṣo tó bí mi nínú, ọ̀dọ̀ àwa àlejò ló ti wá. Àwọn kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí gbé sípíkà wá, wọ́n yí i sókè débi pé a ò gbọ́ra wa mọ́. A ká ẹní wa kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ jó, ẹ jó, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹlòmíì wá síbẹ̀ kí etí rẹ̀ lè sinmi.

Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀, ìrìn wà níbẹ̀. Ẹ mú òróró tí ń lé ẹ̀fọn dání bí ẹ bá máa pẹ́ létí omi. Kí ẹ sì gbéra kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, torí tí àwọn òṣìṣẹ́ Sẹkitéríàtì bá tú jáde, Míkírà á ṣọ̀wọ́n dé Mọ́kọ́lá. Àwa tètè kúrò, a yà jẹ àmàlà gbígbóná, Màmá sì ti ń bi mí ọjọ́ tí iléèwé tún máa gba ìsinmi.