Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta présì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì onírin dídà bí ẹni pé irin rírọ ni

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tún ẹsẹ̀ jíìpù yín ṣe fúnra yín, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún àpótí présì tí a fi ń yọ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé onírìísí bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ táyà iwájú fi ń yí. Àwọn oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta présì tí férémù rẹ̀, ìyẹn ara rẹ̀ onírìísí C tí skúrù gba inú rẹ̀ kọjá, jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ọjà pé irin rírọ ni, èyí tí alágbẹ̀dẹ fi iná àti òòlù rọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan kán sí méjì lábẹ́ ọkọ̀ níbi tó ti ń yí skúrù rẹ̀. Èéfọ́ irin fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó sì ya á létí. Ká ní ojú ló bà, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún un, nítorí irú àwọn wọ̀nyí kì í lo orúkọ kan pẹ́. Bí ẹjọ́ bá ti pọ̀ lórí wọn, wọn a pa ìsọ̀ yẹn dé, wọn a sì fi àwòrán kan náà ṣí òmíràn. Ìṣe wọn ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀.

Ìdí tí férémù fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù nínú àpótí lọ nìyí. Nínú jíìpù tí axle iwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ láti táyà dé táyà, irú bíi Jeep Wrangler tó ń lo axle tí wọ́n ń pè ní Dana 30 tàbí Dana 44, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ṣe ni wọ́n tẹ̀ wọ́n wọ inú ihò irin tó fún wọn pinpin. Bí ọkọ̀ bá ti wọ ẹrẹ̀ àti odò fún ọdún bíi mélòó kan, ìpẹtà á so wọ́n mọ́ ibẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jó wọn pọ̀ ni. Bí ẹ bá fi agbára ìyí 200 Nm yí skúrù tó nípọn tó 20 mm, tí gíríìsì sì wà ní eyín rẹ̀, ohun tó máa tẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yẹn á tó nǹkan bíi 50 kN, ìyẹn ìwúwo bíi tọ́ọ̀nù 5. Gbogbo ìwúwo yẹn náà ló ń fẹ́ ya ẹnu férémù onírìísí C yín.

Férémù rírọ máa ń kìlọ̀. Ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ń ṣí, skúrù á máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì dúró. Irin dídà eléérú tí wọ́n fi ń ṣe èyí tí mò ń sọ kì í tẹ̀. Á máa gbé e, á máa gbé e, yóò sì kán lójijì. Mo mọ̀ pé irin dídà tó dára wà, èyí tí wọ́n po kó lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó kán, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá fi irú ẹ̀ ṣe tirẹ̀ kì í bò ó mọ́lẹ̀. Irọ́ tí wọ́n ń pa lórí ohun tí ẹ̀mí èèyàn gbé lé ló ń dùn mí.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ férémù náà. Ara irin rírọ sábà máa ń ní ilà fífẹ̀ kan tó yí i ká, níbi tí wọ́n ti gé irin tó yọ jáde láàárín mọ́ọ̀dù méjì tí wọ́n fi rọ ọ́ kúrò. Ti irin dídà máa ń jẹ́ ilà tín-ín-rín, ara rẹ̀ á sì máa ṣe hóíhóí bí iyanrìn, bí wọn ò bá fi ọ̀dà tó nípọn bò ó. Bí ọ̀dà bá sì nípọn jù lára irinṣẹ́ tuntun, ẹ béèrè ohun tó ń bò. Èyí tó dá mi lójú jù ni fáìlì tí a fi ń rẹ́ irin. Ẹ wá ibi kọ́lọ́fín kan lára férémù, ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀ títí tí ọ̀dà á fi kúrò, kí ẹ wá wo ohun tó ń já bọ́. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun dúdú tó ń kun ọwọ́, irin dídà eléérú ni. Èérún irin rírọ máa ń dán, a sì máa ká kò díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti rẹ́ ọjà lára lè má rí i dá padà mọ́, nítorí náà ẹ ka àdéhùn ìdápadà dáadáa kí ẹ tó fi fáìlì kàn án. Bí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ fi wé ìwúwo tí ilé-iṣẹ́ tó ni àmì orúkọ tó wà lára rẹ̀ kọ síta. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́ ju ojúlówó lọ.

Ẹ má gbára lé "tọ́ọ̀nù 20" tí wọ́n tẹ̀ sára àpótí. Nọ́ńbà lásán ni bí wọn ò bá sọ ohun tí férémù jẹ́, bí skúrù ṣe nípọn tó, àti iye agbára tí wọ́n ní kí a má kọjá níbi skúrù. Ẹ kọ̀wé béèrè àwọn nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Oníṣòwò gidi á dá yín lóhùn, tàbí kó darí yín sí ìwé ilé-iṣẹ́. Èyí tí mò ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ á ní "ó lágbára gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀," á sì yára sọ fún yín pé ó ku díẹ̀ kó tán.

Ẹ̀tàn wọn kejì ni iye ẹ̀yà. Wọ́n á to ife irin rẹpẹtẹ, irú èyí tí a fi ń gba jọ́ìntì tàbí tì í wọlé, sínú àpótí, wọ́n á ní gbogbo jíìpù ayé ló bá mu. Irọ́ gbáà ni. Axle iwájú Land Cruiser 80 àti ti Suzuki Jimny kò tiẹ̀ ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì níbi tí knuckle, ìyẹn irin tó gbé táyà dání, ti ń yí. Béárìn tó ń jẹ́ kingpin ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ lára Toyota Tacoma tí wọ́n ṣe ní 1995 sí 2004, bóòtù mẹ́rin ni wọ́n fi dè é mọ́ knuckle, irinṣẹ́ tó ń tú ojú tó wọ inú áàmù ìsàlẹ̀ (apá irin tó so knuckle mọ́ ọkọ̀) ló ń fẹ́, kì í ṣe présì. Ẹni tó bá sọ pé àpótí òun bá gbogbo wọn mu kò mọ ohun tó ń tà, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó ṣì máa tà á. Lára Wrangler, etí axle tí jọ́ìntì wọ̀ kò tẹ́jú, nítorí náà ife tí ẹnu rẹ̀ gé pẹrẹsẹ nìkan á gbé e wọ́. Ẹ béèrè bóyá ife tí wọ́n dá ẹnu rẹ̀ ní ìdagun wà níbẹ̀. Ẹ sì fi kálípà ìwọ̀n wọn bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun yín: inú ife tó máa gba ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ara jọ́ìntì lọ, èyí tó máa ti tuntun wọlé sì gbọ́dọ̀ jókòó sí etí rẹ̀, kó má tẹ ìdérí àárín. Oníṣòwò tí kò lè sọ ìwọ̀n ife rẹ̀ ní mìlímítà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀bùn fọ́ọ̀kì, irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń tú jọ́ìntì, tí wọ́n ń fi sí i kò tó nǹkan. Ó máa ń ya rọ́bà jọ́ìntì, nítorí náà ẹ má lò ó fún jọ́ìntì tí ẹ ṣì fẹ́ tún lò.

Ní ti owó, ẹ fi àwòrán tí wọ́n gbé síta wá ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá bá a lára ọjà ilé-iṣẹ́ mìíràn tí àmì ibẹ̀ ti parẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde kúrò níbi tí ẹ ti rí ọjà láti wá sanwó sí àkáǹtì ẹnìkan, tàbí kí ẹ fi káàdì ẹ̀bùn san án, ẹ má ṣe é. Ẹ fi káàdì báńkì tí ẹ lè fi ṣàròyé sanwó. Ẹ ya fídíò nígbà tí ẹ bá ń ṣí àpótí náà, kí gbogbo ẹ̀yà hàn. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí skúrù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń há níbì kan tàbí tí orí rẹ̀ kò dojú kọ ihò tó wà lódìkejì, ẹ dá a padà lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n fi ń sá fún ẹjọ́: bí férémù bá kán, wọ́n á ní ẹ̀rọ impact, èyí tó ń gbá skúrù yípo, lẹ fi yí i. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó rà á, kí ìdáhùn wà nílẹ̀ ní kíkọ, bóyá skúrù náà gba impact. Bí ìwé bá ní kò gbà á, sípánà ọwọ́ ni kí ẹ lò, ẹ fi gíríìsì sí eyín skúrù, ẹ má fi páìpù gùn ún.

Bí owó kò bá tó ra èyí tó dára, ẹ yá a níbi tí wọ́n ti ń yáni ní irinṣẹ́, tàbí kí ẹ ra férémù àti skúrù gidi pẹ̀lú ife tó bá ọkọ̀ yín nìkan mu. Ìyókù lè dúró.

Ẹni tó bá ti ra irú èyí, tó sì fi fáìlì dán an wò tó rí ìyẹ̀fun dúdú, kó má tún gbé e sábẹ́ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ti lò ó láìkán. Bí ó bá ti kán, ẹ kó èéfọ́ rẹ̀ pamọ́, kí ẹ ya àwòrán ojú ibi tó ti kán lọ́jọ́ yẹn gan-an kí ìpẹtà tó bò ó. Bí ojú ibẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ eérú tó ṣe hóíhóí, tí kò sí ibi tí irin ti tẹ̀ tàbí fà, ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì yín pẹ̀lú àwòrán ọjà tí wọ́n ti kọ "irin rírọ" sí.