Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó idẹ Pílátù: ẹ wo abẹ́ ọwọ́ ìgbákọ

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta owó idẹ àwọn Júù láti ayé ìjọba Róòmù. Gbàrọgùdù ló ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbowó lọ́wọ́ mi.

Owó ìgbà tí Pọ́ńtíù Pílátù ń ṣe gómìnà Jùdíà ni mo rà. Ojú kan ní ìgbákọ tí àwọn ará Róòmù fi ń ta ọtí sílẹ̀ fún òrìṣà wọn, ojú kejì ní ṣírí ọkà báálì mẹ́ta. Ọdún kẹrìndínlógún Tìbéríù Késárì ló wà lára rẹ̀, ìyẹn ọdún 29 sí 30 lẹ́yìn ìbí Krístì. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí àkọ́kọ́ dé, inú mi dùn débi pé mo ra èkejì fún àbúrò mi. Ọjọ́ tí èkejì dé, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ iná, àyà mi sì já. Ihò kan tó rí bí ojú abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ọwọ́ ìgbákọ lára èkínní. Ó wà lára èkejì náà, níbẹ̀ gan-an. Ibi tí etí wọn gbé ya, bákan náà ni.

Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Láyé ìgbà náà, wọ́n á da idẹ sínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, wọ́n á fi òǹtẹ̀ àti òòlù lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá gé wọn sọ́tọ̀. Òǹtẹ̀ kan lè lu ọ̀pọ̀ owó, àmọ́ òòlù kì í bọ́ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, etí wọn kì í sì í ya bára mu. Ẹyọ kan ni ọkùnrin yìí fi ṣe àwòṣe tó fi ń da àwọn yòókù, ihò ara rẹ̀ sì ń bá gbogbo wọn lọ.

Mo tún fi òwú rẹ ásítóònù, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, mo fi nù ún. Iyanrìn àti gọ́ọ̀mù ló ṣí kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ń dán bíi kọ́kọ́rọ́ tuntun. Iyanrìn nìkan kọ́ ni ẹ̀rí o, torí àwọn kan ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojúlówó kó lè fani mọ́ra. Ihò tó bára mu yẹn ni ẹ̀rí.

Ìwé ẹ̀rí tó fi ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní Jerúsálẹ́mù lọjà òun ti ń wá. Òfin Ísírẹ́lì ti ọdún 1978 sì sọ pé ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, ohun tí ẹ bá rà kò sì gbọdọ̀ jáde nílùú láìsí ìyọ̀ǹda. Mo béèrè ìwé ìyọ̀ǹda náà. Kò fèsì, ó dínà mọ́ mi. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù náà, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó ra "owó opó" fún ìyá yín nílé.

Ó ti yí orúkọ padà báyìí, àmọ́ àwòrán àtijọ́ ló ṣì ń lò. Ẹ sọ àwòrán náà di ńlá, kí ẹ wo abẹ́ ọwọ́ ìgbákọ. Bí ihò yẹn bá wà níbẹ̀, òun ni.