Ọsibítù tá a gbé màmá mi lọ n'Adó-Èkìtì: ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ

Ẹ kú ojúmọ́ o. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà torí ẹjọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ rò. Dókítà wọn dáa, oògùn wà, owó wọn ò pa èèyàn. Àmọ́ dókítà á ṣe ráńdì láàárọ̀, á lọ, nọ́ọ̀sì lẹ máa bá ṣe tọ̀sán-tòru, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí.

Rọpárọsẹ̀ ló kọlu màmá mi, apá ọ̀tún ò gbé mọ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò jáde. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ lé wọn lórí bíi pé wọn ò sí níbẹ̀, àfi nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìkéré, ó di ọwọ́ wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú, ó ní "Yèyé, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún mi lọ́wọ́ pọ̀." Màmá fún un lọ́wọ́ pọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ yẹn ò jẹ́ ká fún wọn ní nǹkan kan jẹ àfìgbà tó fi ṣíbí fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀, tó ń wò ó bóyá wọ́n á wúkọ́, ó ní ọ̀nà ọ̀fun lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, oúnjẹ á wá gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí ìdí àti gìgísẹ̀ má baà dégbò. Kò jágbe mọ́ wa rí, bá a bá tún béèrè á tún ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sì kejì ńkọ́? Màmá tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ló bá pariwo lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, "Ìyá yìí, ṣé ẹ ò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ ni?" Ẹni tí àìsàn gba ohùn lẹ́nu ẹ̀!

Látọjọ́ yẹn ni màmá ò ti mumi mọ́. Tá a bá gbé ṣíbí dé, wọ́n á pa ẹnu dé pinpin, ètè wọn gbẹ, ìtọ̀ wọn pọ́n, àwa rò pé àìsàn ló ń le sí i. Ọmọ Ìkéré yìí ló jókòó tì wọ́n tó ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ dáhùn, títí tó fi jáde pé ẹ̀rù kí wọ́n má tún tọ̀ sára ni. Ẹ wò ó o, kíndìnrín ì bá ti bàjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu! Ohun tó ṣe ò náwó rárá: nígbàkígbà tó bá wá yí wọn padà á fa kọ́tìnì, á gbé pọ́ọ̀ wá kí wọ́n tó nílò ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, màmá ti ń mumi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti lọ sí ìlú òyìnbó, ẹni tó kù ló ń ru ẹrù ẹni tó lọ. Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́.

Mo fẹjọ́ sun mátírọ́ọ̀nù. Wọn ò gbèjà ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ màmá gan-an ni wọ́n lọ láti bẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi, ìyẹn wú mi lórí gan-an.

4 nínú 5 ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó pọ̀ dání, kí ẹnì kan nínú ẹbí sì sùn tì wọ́n, pàápàá tí aláìsàn yín ò bá lè sọ̀rọ̀. Màmá ṣì ń lọ ṣe ẹsásáìsì apá níbẹ̀, wọ́n ti ń gbé ife fúnra wọn.